Wọ́n Ń Ka Aláìsàn Lálaalẹ́, Ta Ló Ka Àwọn Ọmọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2020, ọmọdébìnrin kan ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, finá sí àyọ́ọ̀nù eléèédú lẹ́yìn ilé. Iná mànàmáná ti lọ láti òwúrọ̀. Ó fẹ́ èédú náà títí ó fi pọ́n, ó tẹ́ aṣọ ìbora sórí tábìlì, ó sì lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ títí ìlà ara síkẹ́ẹ̀tì fi dúró bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí àrùn Kòrónà ní Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá lè padà wọlé láti múra ìdánwò ni.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ fi yí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí àwọn ọmọ Nàìjíríà pàdánù ọdún kan nínú ẹ̀kọ́ wọn ju kí a tì wọ́n sínú ewu lọ. Kò sí ilé ìwé gírámà ìjọba àpapọ̀ tí yóò ṣe ìdánwò WAEC tí wọ́n ti fi sí oṣù Kẹjọ. Yúnífọ́ọ̀mù padà sórí ìṣó.

Kí oṣù Keje náà tó parí, Àbújá tún ní ó ti yá: kí àwọn ọmọ SS3 wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ọmọ náà tún gbé àyọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde. Àwa méjèèjì jọ ń gbé ojúlé kan náà ni, ibi tí mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń wò ó.

"Àǹtí," ó ní, láìgbé ojú sókè, "ẹ bá mi tẹ́tí sí rédíò o. Tí wọ́n bá tún yí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi lónìí."

Orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé

Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa ní ọdún náà yóò rántí bẹ́ǹṣì. Òkèrèwè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ Ifẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Ilé fara ti ilé níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnìkan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnìkejì. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé ní ìparí oṣù Kẹta, tí ọjà àti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì di títì, iwájú ilé nìkan ló kù tí àwọn ènìyàn lè jókòó sí.

Iye àwọn tó ti kó àrùn ni oúnjẹ òwúrọ̀ orí bẹ́ǹṣì yẹn. NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, máa ń gbé e jáde lálẹ́ pátápátá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti tirẹ̀: Èkó báyìí, Àbújá báyìí, Ọ̀yọ́ báyìí, Ọ̀ṣun báyìí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́kadà kan tó ń ná Lágere ló sábà máa ń ṣí i. "Ẹ dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo ní Òkèrèwè yìí tó ní in. Ẹnìkan péré." Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Odò-Ògbè á ní ebi ni àrùn tòun, kí wọ́n wá yẹ òun wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́ a máa sọ pé bí iye bá ṣe ń ga ni dọ́là ń wọlé fún wọn l'Ábùújá. Bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ tíṣà fẹ̀yìntì a máa dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá rí afẹ́fẹ́, ṣé kò rí ewé igi tó ń mì ni?

Ẹnìkan wà tí kì í pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ni. Á kí gbogbo wọn lókèèrè pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, á sì kọjá. Ọjọ́ kan péré ló dúró, ohun tó sọ sì ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó ní òun náà kò gba iye yẹn gbọ́: ó kéré jù.

Ohun tí mo wá rí dì mú nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn nìyí. Apá kan ní iye náà pọ̀ jù, apá kejì ní ó kéré jù, kò sì sí ẹni tó ṣe àlàyé fún apá kankan bí wọ́n ṣe ń rí i.

Àwọ̀n àti odò

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, fi tú àkọsílẹ̀ àjogúnbá fáírọ́ọ̀sì náà palẹ̀ tí wọ́n sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibòmíràn ní Áfíríkà tó ti ṣe é ṣáájú wọn. Ẹdẹ ni ilé ìwádìí náà wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níbí. Mo máa ń bínú pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wa kò gbọ́ èyí rí títí àrùn fi lọ. Ìròyìn Ṣáínà àti Ítálì ni wọ́n mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ènìyàn wò kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí bọ ihò imú àti ọ̀fun, wọ́n á gbé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn sínú ike, wọ́n á fi yìnyín tì í, ó di ilé ìwádìí. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tí igi olówùú yẹn bá kàn, tí èsì rẹ̀ sì ní ó wà, òun nìkan ni NCDC ń kà. Ẹni tí ibà mú tó wà nílé tó ń mu àgbo, tí ara rẹ̀ padà yá, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó kú sílé ní òru tí wọ́n sin ín ní àárọ̀, kò sí nínú rẹ̀.

Ẹni tó da àwọ̀n sódò, ẹja tó rí kó kì í ṣe gbogbo ẹja inú odò. Bí àwọ̀n bá ṣe fẹ̀ tó àti ibi tó bá balẹ̀ sí ni yóò sọ iye ẹja.

Ọ̀rọ̀ Èjìgbò, ní Ọ̀ṣun níbí, fi èyí hàn kedere. Ní ìparí oṣù Kẹta, ẹni 127 dé sí Èjìgbò láti Ivory Coast, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣe òwò láti ayé baba ńlá wọn. Ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá kó wọn sí ibùdó kan, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ó ju mẹ́wàá lọ nínú wọn tó ní àrùn náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Ọ̀ṣun tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ti bọ́ síwájú nínú ìwé NCDC, Èkó àti Àbújá nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ará Ifẹ̀. Àwọn ìbátan bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti Èkó pé kí a má ṣe jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe pé àrùn gbilẹ̀ ní Ọ̀ṣun ju ibòmíràn lọ. Àwọn tí wọ́n fura sí wà lójú kan, àwọ̀n sì balẹ̀ sí ibi tí ẹja wà.

Odindi ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí a tó mọ ẹni tó jàre lórí bẹ́ǹṣì. NCDC àti ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin lápá ìparí ọdún 2020, wọ́n wá àmì pé ara ti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà rí. Èsì rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ní Èkó, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bíi 23 ló ti ní in. Ní Gombe tó kéré jù, bíi 9. Ẹ fi ìyẹn wé iye ènìyàn tó wà ní Èkó. Iye tí wọ́n ń kà lálaalẹ́ kò tó èèkánná lára rẹ̀. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ.

Ti Kánò tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn agbẹ́sàréè ibẹ̀ ló kọ́kọ́ figbe ta pé òkú ń pọ̀ jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kì í ṣe Kòrónà. Nígbà tí mínísítà ètò ìlera, Osagie Ehanire, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní oṣù Kẹfà, ó ní ẹni 979 ló kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ pé àrùn náà ló pa wọ́n. Ní Kogí, Gómìnà Yahaya Bello ní irọ́ ni àrùn náà látòkèdélẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NCDC dé Lọ́kọ́jà ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n wọ ìyàsọ́tọ̀ ọjọ́ 14. Wọ́n gbéra, wọ́n padà. Nígbà náà, Kogí wà nínú ìwé bí ìpínlẹ̀ tí àrùn kò sí. Ibi tí a kò ti wá nǹkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ibi tí nǹkan kò sí.

Etí tó ti di tẹ́lẹ̀

Síbẹ̀ mi ò lè bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wí. Etí tó ń fi gbọ́ ìjọba ti di tipẹ́, àwọn tó dí i sì pọ̀.

Lọ́dún 2014 tí Ebola wọlé, ẹnìkan ti ibi tí a kò mọ̀ sọ pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí a sì mu ún. Òru ni ìpè ń dé láti ilé sí ilé. Àwọn kan kú nítorí iyọ̀. Láti ìgbà náà ni ìpè òru lórí àrùn ti di ohun tí wọ́n ń fura sí. Nígbà tí Kòrónà tún dé, àwọn tó kọ́kọ́ ní in tí a gbọ́ orúkọ wọn jẹ́ gómìnà àti àwọn tó ń wọ bàálù. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ ní in, ara rẹ̀ yá, ó sì sọ pé oyin àti epo black seed wà lára ohun tí òun lò. Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Ààrẹ, kú ní oṣù Kẹrin. Kí ni ọlọ́kadà máa sọ? Ó ní àrùn olówó ni.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ ìrànwọ́. Ìjọba ní àwọn ti pín in. Ní Òkèrèwè, ẹni tó rí ìrẹsì gbà kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí kò rí gbà ló ń sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ọlọ́pàá, àwọn ènìyàn fọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní ilé iṣẹ́ kòkó ní Ẹdẹ, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lórí, wọ́n gbé e lọ́kadà. Ìjọba ṣàlàyé pé àwọn kò tíì parí ètò pípín ni. Àlàyé náà lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ó pẹ́ dé. Ní ìlú kan náà tí wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì fún gbogbo Áfíríkà, ohun tí ará Ọ̀ṣun rántí ni àpò ìrẹsì.

Onímọ̀ kan nípa ìlera àwùjọ, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, sọ fún mi pé àṣìṣe tí àwọn ṣe ni pé iye nìkan ni àwọn ń fún aráàlú, àwọn kò fún wọn ní ìdiwọ̀n. Ó ní àwọn ì bá máa sọ pé: ẹni báyìí la yẹ̀ wò lónìí, ẹni báyìí ló ní in nínú wọn. Ó tún ní àwọn ì bá ti ṣàlàyé pé àpapọ̀ kì í dínkù láé, nítorí ẹni tó ti yá ṣì wà nínú rẹ̀. Iye tuntun ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ká máa wò. Mo rántí bẹ́ǹṣì wa. Àpapọ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Fà-á-ká-já-a lórí ilé ìwé

Iye tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́ yìí náà ni wọ́n wá gbé lé orí àwọn ọmọ.

Nígbà tí Àbújá ní kí SS3 wọlé ní ìparí oṣù Kẹfà, àpapọ̀ ti lé ní 25,000. Nígbà tí mínísítà ní rárá, ó ti lé ní 30,000. Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹjọ, ó ti lé ní 44,000. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021, tí àrùn tún gbérí, tí àwọn tó ń kó o lójúmọ́ lé ní 1,000, tí àwọn aṣòfin ní Àbújá sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú, wọ́n ṣí ilé ìwé ní ọjọ́ 18. Bí ó bá jẹ́ pé iye ló ń darí wa ni, ọ̀nà òdìkejì ni à bá gbà.

Mi ò sọ pé wọn kò ní ìdí. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé ní oṣù Kẹta, kò sí ẹni tó mọ bí àrùn náà yóò ṣe ṣe sí àwọn ọmọdé. Mo fara mọ́ títì náà nígbà yẹn, mo sì fara mọ́ ọn títí di òní. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, àwọn dókítà ti rí i káàkiri ayé pé ó ṣọ̀wọ́n kó dá ọmọdé dùbúlẹ̀, bó tilẹ̀ lè ti ara ọmọ dé ara ìyá àgbà. Sweden kò tilẹ̀ ti ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké rárá. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó sọ: ta ni ilé ìwé lè pa lára, báwo la ṣe máa dáàbò bò ó? Iye ni wọ́n ń kà sí wa létí.

Kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀yọ́ ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá wọlé láti ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọjọ́ méjì ṣáájú kí mínísítà tó sọ̀rọ̀. Ní àárín oṣù yẹn, àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, lábẹ́ àjọ DAWN, fẹnu kò pé kí SS3 wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, kí WAEC sì sún ìdánwò síwájú. Ní Ògùn, nígbà tí ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni tó ń gbé bọ́dìn san ₦25,000 fún àyẹ̀wò. Àwọn òbí fárígá, ìjọba sì dá owó náà dúró. Ní Ọ̀ṣun, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo kíláàsì tó wọlé.

Ní Òkèrèwè, ibi tí owó ti ń wọlé fún ènìyàn ló ń sọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ní ilé ìwé aládàáni kékeré nítòsí wa fẹ́ kí wọ́n ṣí i lánàá, nítorí kò tíì rí owó san fún àwọn tíṣà rẹ̀ láti oṣù Kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà náà ti ń ta àkàrà. Tíṣà ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé ní kí wọ́n ní sùúrù, kíláàsì òun ní ọmọ tó lé ní ọgọ́ta, bẹ́ǹṣì kan ọmọ mẹ́rin. Kí wọ́n fi hàn òun ibi tí àlàfo mítà méjì wà. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Ó ní: "Tí wọ́n bá lọ, wọ́n lè gbé e wá bá mi. Tí wọn ò bá lọ, kí ni màá fi ṣe wọ́n? Ẹ bá mi bi ìjọba, èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Lùkúlùkú

Kì í ṣe àkọ́kọ́ tí èyí máa ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn ọ̀fìnkìn kan wọ Èkó. Àwọn bàbá wa pè é ní lùkúlùkú. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nínú bíi mílíọ̀nù 18 ènìyàn tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, bí ìdajì mílíọ̀nù ló bá a lọ láàárín oṣù mélòó kan.

Nígbà náà, àwọn wolé-wolé ìjọba ń wọ ilé kiri l'Ékòó láti wá aláìsàn. Àwọn ènìyàn fi aláìsàn wọn pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn gba ọ̀nà oko sá lọ, àrùn sì bá wọn rìn dé ìgbèríko. Kíkà náà gan-an ni wọ́n ń sá fún. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì di títì, àwọn ọmọ ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nínú ilé láti gbàdúrà. Ara wọn ni ìjọ Aládùúrà ti hù jáde.

Lọ́dún 2014 sì ni ti Ebola. Ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ni ilé ìwé yóò wọlé, kò pẹ́ wọ́n fà á padà sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ní àwọn kò ní wọlé láìsí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi wo ìgbóná ara àti ohun èlò ìfọwọ́. Ẹni 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú nínú wọn, Dókítà Stella Adadevoh tó dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà sì wà lára wọn. Nígbà náà, wọ́n ka gbogbo ẹni tí wọ́n fura sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ bá wọn nílé lójoojúmọ́. Iye yẹn ni aráàlú gbà gbọ́, nítorí ojú rí àwọn tó ń kà á.

Àwọn tí a kò kà

Ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí ilé ìwé fi wà ní títì, kò sí alẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni jáde lórí rédíò láti sọ fún wa pé: lónìí ní Ọ̀ṣun, ọmọ báyìí ti bọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ohun tí àwa rí ní àdúgbò ni mo lè sọ. Ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀, OSBC, ń gbé ẹ̀kọ́ jáde. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, mo gbọ́ ìṣirò kan níbẹ̀ tó yé èmi gan-an. Àmọ́ rédíò kan fún ọmọ mẹ́rin tí kíláàsì wọn kò dọ́gba, tí bátìrì sì ti ń kú lọ, kí ló lè ṣe? Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ tí Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde lọ́dún 2013, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ìwé gbogbo wà nínú rẹ̀, ni irú ohun tí ọdún 2020 ń fẹ́. Ọ̀kan wà ní ojúlé wa, ti ẹ̀gbọ́n ọmọ alayọ́ọ̀nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó wà, kò tan mọ́.

Àwọn ọmọ kéékèèké pàdánù oúnjẹ. Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ti ń fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóúnjẹ ọ̀sán tipẹ́, ṣáájú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní òun yóò gbé oúnjẹ náà lọ bá àwọn ọmọ nílé, Èkó, Ògùn àti Àbújá nìkan ló kàn. Mínísítà tó ń rí sí ètò oúnjẹ náà ní mílíọ̀nù 523 náírà ló bá a lọ, ariwo sì sọ lórí iye yẹn náà. Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀ láti bá wọn jiyàn.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ọmọkùnrin kan tó wà ní JSS2 ti ń tẹ̀lé bíríkìlà. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti ń rówó, ó ti ń ra ọṣẹ fún ìyá rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé kó padà lọ jókòó kọ́ ìwé? Ọmọbìnrin méjì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Òmíràn lóyún. Ìyá rẹ̀ ní tí ilé ìwé bá wà ni, kì bá tí rí ibi pàdé ẹni tó fún un lóyún, nítorí òun ni òun ń gbé e lọ, òun ni òun ń lọ mú un.

Ohun tí Sierra Leone ti fojú rí ṣáájú wa nìyẹn. Ebola ti ilé ìwé wọn pa títí di oṣù Kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìjọba wọn ní kí ọmọbìnrin tó lóyún má ṣe wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù. Odidi ọdún márùn-ún ni òfin yẹn fi dúró, ó di oṣù Kẹta ọdún 2020 kí wọ́n tó fagi lé e, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ECOWAS dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀kọ́ yẹn wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Èsì WAEC jáde ní oṣù kọkànlá. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jókòó ṣe é, bíi 65 ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ọdún 2019 lọ. Inú mi dùn sí àwọn ọmọ náà. Ọmọ alayọ́ọ̀nù wà nínú wọn, a jó níwájú ilé. Àmọ́ mo gbọ́ tí àwọn kan ń fi iye yẹn sọ pé títì ilé ìwé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun kan náà tí a ṣe sí Kogí la tún ṣe yìí: ẹni tí kò dé gbọ̀ngàn ìdánwò kò lè fìdí rẹmi níbẹ̀.

Àwọn tó wà lókè nínú ẹ̀kọ́ pàápàá kò bọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé ní oṣù Kẹta. Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì wọ inú ara wọn débi pé a kò mọ èyí tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Òpin ọdún 2020 ni ASUU tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Àwọn tó ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà àti àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé wọn ní Ifẹ̀ ti ta ohun tí wọ́n ní kó tó di ìgbà náà.

Ìwé orúkọ

Tíṣà ìjọba tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, wọlé ní oṣù Kẹsàn-án bí gbogbo ènìyàn. Ó wọ ìbòmú méjì lé ara wọn. Ó ṣí ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó ní nígbà tí òun pe orúkọ kan tí kò sí ẹni tó jẹ́, òun rò pé ọmọ náà ti pẹ́ dé ni. Nígbà tó di orúkọ kẹrin, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó mú ìwé náà dání, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ní Òkèrèwè, ó kọjá sí Ìlódé. Ẹnikẹ́ni kò rán an, kò sì sí owó mọ́tò fún un. Ó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń dárúkọ ọmọ, wọ́n ń sọ ibi tó wà fún un, ó ń fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà: *bíríkìlà. Ó wà lóko ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kó lọ sí Èkó. Télọ̀.* Ó padà mú àwọn mélòó kan wá sí kíláàsì.

Ọmọ tó ń tẹ̀lé bíríkìlà kò sí nínú wọn. Ó wà lórí àkàbà nígbà tí tíṣà dé bá a, ọwọ́ rẹ̀ kún fún sìmẹ́ǹtì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Tíṣà bi í bóyá yóò wá ní ọjọ́ Ajé. Ó ní òun á gbìyànjú. Ìwé náà wà lọ́wọ́ tíṣà títí di òní. Ìlà tó kọjú sí orúkọ ọmọ yẹn ṣófo, kò kọ nǹkankan síbẹ̀.